Bí ọlẹ̀ bá di "ọmọ" lójú òfin: oògùn olóró, oyún àti ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà

Láàárín ìgbà tí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bá di ìwọ́ rẹ̀ pa kí wọ́n tó gé e, ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ náà ni. Inú ìṣẹ́jú yẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba kan ní Florida ti fa ẹ̀sùn yọ lọ́dún 1989. Obìnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà tó gbẹ̀bí rẹ̀ pé òun mu kokéènì. Kò sí òfin ní Florida nígbà náà tó ní kí wọ́n mú aláboyún nítorí ohun tó mu, wọn kò sì ka ọlẹ̀ sí ènìyàn nínú òfin tí wọ́n fẹ́ lò. Àmọ́ ọmọ tó ti jáde, ènìyàn ni. Ìwọ́ ṣì so ó mọ́ ìyá, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gba inú ìwọ́ náà kọjá, ohun tí kokéènì sì fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń bá a lọ. Ni ìjọba bá ní ìyá ti fi oògùn olóró lé ọmọdé lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń gbé e fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n gbé ka abiyamọ tó ṣì nà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Adájọ́ gbà á, ó sì fi obìnrin náà sábẹ́ ìṣọ́ òfin fún ọdún 15. Ó di 1992 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Florida tó fagi lé e, pé àwọn aṣòfin kò ní irú èyí lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ òfin náà.

Mo fi ẹjọ́ yìí ṣáájú nítorí pé bí ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e ṣe rí nìyẹn. Òfin tí wọ́n dá fún nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fà kó lè dé ara aláboyún. Ẹni tó bá ń wá òfin kan ṣoṣo tó kọ ọ́ gbangba pé "aláboyún tó bá lo oògùn olóró, ẹ̀wọ̀n ni" máa wá a títí.

Àwa kì í pe ohun tó wà nínú obìnrin ní orúkọ kan. Oyún ló ń jẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Tó bá tó àkókò, ọlẹ̀ á sọ. Ìgbà tó bá délẹ̀ tó ké la tó ń wá orúkọ fún un. Ìwé òfin Amẹ́ríkà kò ní irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. "Ọmọ" ni púpọ̀ nínú àwọn òfin ìtọ́jú ọmọdé kọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wá ń pinnu bóyá ọlẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà tàbí kò sí. Ìdí nìyẹn tí ohun kan náà fi lè sọ obìnrin sẹ́wọ̀n lápá ìhín ààlà, tí kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan lápá ọ̀hún.

South Carolina ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Whitner, lọ́dún 1997, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ní ọlẹ̀ tó bá ti dàgbà dé ibi tó lè yè bí wọ́n bá bí i, ọmọ ni lábẹ́ òfin tó de òbí tó ń fi ọmọ wewu. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti dá fún obìnrin náà, nítorí pé wọ́n rí àmì kokéènì lára ọmọ tó bí.

Alabama lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2006 wọ́n ṣòfin lòdì sí àwọn tó ń se methamphetamine nínú ilé tí ọmọdé ń gbé, nítorí èéfín májèlé rẹ̀ àti iná tó máa ń ti ibẹ̀ sọ. "Fífi kẹ́míkà wu ọmọ léwu" ni orúkọ ẹ̀sùn náà. Ẹ ó rí i pé ìdáná ni wọ́n ń rò. Àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní January 2013, nínú ẹjọ́ Ankrom, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fọwọ́ sí i pé ọlẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ "ọmọ", wọn ò sì wo oṣù tó wà. Lọ́dún 2014 wọ́n tún un sọ.

Ìjìyà tó wà nínú rẹ̀ rèé. Bí ọmọ bá kàn kan oògùn náà, tí nǹkan kan kò ṣe é, ọdún kan àti ọjọ́ kan sí ọdún 10. Bó bá fara pa gidigidi, ọdún 2 sí 20. Bó bá kú, ọdún 10 sí 99, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ fojú sí ìpele àkọ́kọ́ yẹn: ọmọ lè jáde pẹ̀lú ìlera, kó máa mu ọmú, kí ìyá ṣì gba ọdún mẹ́wàá. Ọdún 2016 ni wọ́n tó fi kún un pé oògùn tí dókítà kọ, tí obìnrin náà sì ń lò bí dókítà ṣe ní kó lò ó, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyẹn ni pé fún ọdún mẹ́wàá gbáko, òfin náà kò ní àyè fún ìwé tí dókítà kọ fún ìyá. Ní Etowah County, $10,000 owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń béèrè fún béèlì irú ẹ̀sùn yìí, obìnrin náà sì gbọ́dọ̀ tún lọ gba ìtọ́jú bárakú. 2022 ni wọ́n tó yí i padà. Ẹni tó bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí wọ́n mú.

Oklahoma tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2020, níbi tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ọ̀ràn ìwà ọ̀daràn ti ní ọlẹ̀ tó lè yè wà lábẹ́ òfin àìtọ́jú ọmọ.

Lódìkejì, Kentucky kọ̀ jálẹ̀ lọ́dún 1993, Hawaii lọ́dún 2005, Maryland lọ́dún 2006, New Mexico lọ́dún 2007, North Dakota lọ́dún 2009. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìdájọ́ wọn ni ti Maryland, nítorí pé àwọn adájọ́ jókòó, wọ́n sì ka nǹkan jáde: bí a bá ní fífi oyún wewu jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ẹni tí kò de bẹ́líìtì nínú mọ́tò ńkọ́? Ẹni tó gun ẹṣin ńkọ́? Ẹni tó mu sìgá, tí kò jẹun dáadáa, tí kò lọ fún àyẹ̀wò oyún? Wọn ò rí ibi tí ìlà náà máa dúró, ni wọ́n bá dá a padà fún àwọn aṣòfin.

Tennessee nìkan ló gbìyànjú láti kọ òfin ọ̀daràn tó dárúkọ aláboyún tààrà. July 1, 2014 ló bẹ̀rẹ̀, July 1, 2016 ló sì parí, nítorí ọjọ́ ìparí ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, àwọn aṣòfin kò sì sún un síwájú. Ìjìyà rẹ̀ kò wúwo tó ti Alabama: ó pẹ́ tán oṣù 11 àti ọjọ́ 29, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó $2,500. Ohun méjì ló bà á jẹ́. Èkíní, "narcotic" lòfin náà kọ, methamphetamine kò sì sí nínú ohun tí òfin ìpínlẹ̀ náà ń pè bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀sùn methamphetamine ni wọ́n fi mú ẹni àkọ́kọ́. Èkejì ni àwíjàre tí wọ́n fi sínú rẹ̀: obìnrin á bọ́ bó bá wọ ètò ìtọ́jú bárakú kó tó bímọ, tó dúró nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tó sì parí rẹ̀. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú tó ń gba aláboyún kò pọ̀, àyè inú wọn kò tó, oyún kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í lo òfin ọ̀daràn rárá, síbẹ̀ àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti 1998 ni Wisconsin ti ní òfin tó jẹ́ kí ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé mú aláboyún tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún, kó fi í sí ibi ìtọ́jú tipátipá. Agbẹjọ́rò wà tí wọ́n ń yàn fún ọlẹ̀. Wọn kì í pè é ní ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ilé ìwòsàn, torí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ìtọ̀ ìyá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Ní Charleston, South Carolina, láti 1989, ilé ìwòsàn ìjọba kan ń yẹ ìtọ̀ àwọn aláboyún kan wò fún kokéènì, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Àmì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń ṣà wọ́n: ẹni tí kò lọ fún ìtọ́jú oyún, ẹni tó pẹ́ kó tó lọ, ẹni tó rọbí láìtọ́jọ́, ẹni tí olóbì rẹ̀ já kúrò lára ilé ọmọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà. Ní March 2001, nínú ẹjọ́ Ferguson, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní bí ilé ìwòsàn ìjọba bá yẹ ìtọ̀ ènìyàn wò láìgba àṣẹ rẹ̀ torí kó lè fún ọlọ́pàá ní ẹ̀rí, ó ti tú u wò lọ́nà tí Òfin Ìpìlẹ̀ kò gbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ẹjọ́ Ferguson kọjá ohun tó sọ. Kò ní kí dókítà má ṣe àyẹ̀wò tó nílò fún ìtọ́jú. Kò dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́ láti fi ọ̀rọ̀ lọ àjọ tó ń bójú tó àwọn ọmọdé, èsì sì lè gba ọwọ́ àjọ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Kò sì sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ti buwọ́ lu ìwé. Ìwé ọ̀hún rèé: ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n máa ń gbé fún obìnrin tó ti ń rọbí pé kó sáré fọwọ́ sí, tí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ní òun gba "gbogbo àyẹ̀wò tó bá yẹ". Àwọn ilé ìwòsàn kan á ní ìyẹn ti tó. Ẹ lè fa gbólóhùn náà kọ́, kẹ́ ẹ béèrè pé: ṣé àyẹ̀wò oògùn olóró wà nínú èyí? Kí lẹ fẹ́ fi èsì rẹ̀ ṣe? Ta ló máa rí i? Bí ẹ bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ kọ̀. Ẹ mọ̀ síbẹ̀ pé wọ́n ṣì lè yẹ ọmọ fúnra rẹ̀ wò, òfin ìpínlẹ̀ míì kò sì béèrè àṣẹ ìyá fún ìyẹn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba ènìyàn, CAPTA. Láti 2003 ló ti ń béèrè pé kí ìpínlẹ̀ tó bá ń gba owó rẹ̀ ní ìlànà tí àwọn oníṣègùn á fi máa sọ fún àjọ ọmọdé bí wọ́n bá gbẹ̀bí ọmọ tí oògùn ti kàn. Lọ́dún 2016 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "tí òfin kò gbà" kúrò, tó fi jẹ́ pé oògùn tí dókítà kọ náà lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ìfitónilétí yẹn kò túmọ̀ sí pé ìyá fìyà jẹ ọmọ, kò sì pọn dandan kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ètò ìtọ́jú fún ìyá àti ọmọ ló ní kí wọ́n kọ. Nọ́ọ̀sì tó bá ní "òfin àpapọ̀ ló ní ká pe ọlọ́pàá" ti ṣì í sọ.

Ó ku èsì àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Àkọ́kọ́ ni èyí tó yá, tó sì pọ́ọ́kú, tó ń jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dì mọ́ ohun tó bá jọ oògùn tí wọ́n ń wá, bí kọ́kọ́rọ́ tó jọ ara wọn ṣe lè ṣí àgádágodo kan náà. Nítorí náà, "ó jọ ọ́" ni gbogbo ohun tó lè sọ. Labetalol, tí dókítà máa ń kọ fún aláboyún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, lè fara hàn bí amphetamine. Pseudoephedrine tó wà nínú oògùn imú dídí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ephedrine tí wọ́n ń fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ńkọ́? Òun náà. Fentanyl tó wà nínú abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n gún fún ìyá nígbà ìrọbí lè hàn nínú ìtọ̀ ìyá, ó sì lè hàn lára ọmọ, kí ẹni tó gún un má rántí kọ ọ́ sójú kan náà pẹ̀lú èsì.

Hóró poppy tí wọ́n ń fọ́n sórí búrẹ́dì àti bagel yàtọ̀: morphine gidi ló wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ kò parọ́. Ibi tí wọ́n fi ààlà sí ló ń fa ìjọ̀ngbọ̀n. Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún 1998 ni wọ́n gbé ààlà náà kúrò ní nánógíráàmù 300 nínú mílílítà kan lọ sí 2,000, torí hóró yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì wà lórí 300. Ìyẹn ni pé èsì tí kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ lè gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ.

Àyẹ̀wò kejì, GC-MS tàbí LC-MS, máa ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń wọn ègé kọ̀ọ̀kan débi tó fi lè dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló ń gbà, ó sì wọ́n. Ohun tí agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè ni: ṣé wọ́n ṣe ìkejì? Ààlà wo ni wọ́n lò? Ṣé wọ́n ṣì ní ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù? Ta ló gbé e láti bẹ́ẹ̀dì dé yàrá àyẹ̀wò, ṣé gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé? Ilé ìwòsàn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ìtọ́jú lásán kì í sábà tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹjọ́ sì máa ń jò.

Ìgbẹ́ dúdú tí ọmọ kọ́kọ́ yà náà ni wọ́n ń lò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 oyún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ, nítorí náà ó ń sọ ìtàn oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ìtọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì kokéènì kì í sábà kọjá ọjọ́ 2 sí 4 nínú rẹ̀. Àléébù ìgbẹ́ yìí ni pé kò lè sọ ọjọ́, kò lè sọ iye. Obìnrin tó jáwọ́ pátápátá ní oṣù karùn-ún àti ẹni tó lò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá lè gba èsì kan náà.

Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ àwọn kan wò tí wọn kì í yẹ àwọn míì wò ti wà lákọsílẹ̀ tipẹ́. Ìwádìí kan ní Pinellas County, Florida, tó jáde lọ́dún 1990, yẹ ìtọ̀ gbogbo aláboyún tó wá wò, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Iye àwọn tí wọ́n rí àmì oògùn tàbí ọtí nínú ìtọ̀ wọn rèé. Funfun: 15.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Dúdú: 14.1. Síbẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ni wọ́n fi ń fẹjọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú sun ju àwọn funfun lọ. Ìwádìí náà ti pẹ́, n kò sì rí ohun tó yí nínú bí wọ́n ṣe ń ṣa ènìyàn.

Bí ọmọ bá kú sínú ńkọ́? Níbí, ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé oògùn náà ló pa á, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń tú. Ní South Carolina, wọ́n dá obìnrin kan lẹ́bi ìpànìyàn lọ́dún 2001 nítorí òkú ọmọ tó bí, pé kokéènì ló fà á. Lọ́dún 2008 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn kan náà yí i padà, nítorí pé agbẹjọ́rò rẹ̀ kò pe àwọn onímọ̀ tó lè sọ ohun tí ìwádìí tuntun ti fi hàn nípa kokéènì àti ikú ọmọ inú. Àkóràn, olóbì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ìwọ́ tó lọ́: gbogbo ìwọ̀nyí ń pa ọmọ láìsí oògùn kankan níbẹ̀. Lọ́dún 2001 náà, àwọn oníṣègùn tó ṣàtúnyẹ̀wò ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí kokéènì kàn nínú oyún, tí wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, sọ nínú ìwé ìròyìn JAMA pé àwọn kò rí àkóbá tó yàtọ̀ sí èyí tí sìgá, ọtí, igbó àti irú ilé tí ọmọ ń gbé ń fà. Ọtí ni àkóbá rẹ̀ dájú jù, láti 1973 ni wọ́n sì ti ṣàpèjúwe ojú àti ọpọlọ ọmọ tí ọtí bà jẹ́ nínú oyún. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń tà á.

Ẹni tí heroin tàbí oògùn ìrora ti di bárakú fún, ìbẹ̀rù òfin lè sún un débi tó máa fi dá a dúró lójijì. Kó má ṣe é. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn aláboyún ní Amẹ́ríkà, ACOG, ní kí wọ́n fún un ni methadone tàbí buprenorphine ní gbogbo ìgbà oyún, nítorí ẹni tó jáwọ́ lójijì sábà máa ń padà sídìí rẹ̀, ara rẹ̀ kì í sì í gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá bí lè gbọ̀n, kó máa ké lákéèpẹ̀, kó má lè mu ọmú dáadáa. Wọ́n máa ń dá a dúró fún ọjọ́ 4 sí 7 láti ṣọ́ ọ, ó sì ṣeé wò. Kí ìyá gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú kó tó tó ìgbà ìbímọ, tó ní orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti orúkọ dókítà, kó sì jẹ́ kí ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì ibi tó ti máa bímọ. Láìsí lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa dojú kọ èsì àyẹ̀wò lóru ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù nílé ìtọ́jú. Òfin àpapọ̀ kan, 42 CFR Part 2, dáàbò bo ìwé ilé ìtọ́jú bárakú ju ìwé ilé ìwòsàn lásán lọ. Ilé ìtọ́jú lè fi ọ̀rọ̀ lọ àjọ ọmọdé, ṣùgbọ́n wọn kò lè kàn kó ìwé rẹ̀ fún agbẹjọ́rò ìjọba láìjẹ́ pé adájọ́ pàṣẹ rẹ̀ ní pàtó.

Bí òṣìṣẹ́ àjọ ọmọdé tàbí ọlọ́pàá bá ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó bá ń bi yín léèrè bí ẹ ṣe lò ó, ìgbà wo àti ìgbà mélòó, ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ fẹ́ kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ọlọ́pàá kì í sábà ka ẹ̀tọ́ ènìyàn fún un bí kò bá tíì mú un, nítorí náà ẹ má dúró de ìyẹn. Ti dókítà yàtọ̀, torí ó nílò òtítọ́ láti tọ́jú yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ fún un máa wọ fáìlì, ẹ rántí ti Florida.

Àjọ Pregnancy Justice, tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn aláboyún, ka ẹjọ́ tó kéré tán 210 láàárín June 2022 sí June 2023, tí wọ́n fi oyún, ìpàdánù oyún tàbí ìbímọ fẹ̀sùn kan obìnrin, ẹ̀sùn oògùn olóró ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí kì í dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́: wọ́n á ní kí obìnrin gbà pé òun jẹ̀bi, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ láìlọ sẹ́wọ̀n. Ó dùn létí, pàápàá fún ẹni tí ọmú rẹ̀ ń dà nínú àtìmọ́lé. Àmọ́ bí ẹni náà kì í bá ṣe ọmọ onílẹ̀, green card ló ń lò, kó ṣọ́ra gidi. Ìdálẹ́bi lórí fífìyà jẹ ọmọ tàbí àìtọ́jú ọmọ wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé ènìyàn kúrò ní Amẹ́ríkà, ìdálẹ́bi lórí oògùn olóró náà wà níbẹ̀, àìlọ sẹ́wọ̀n kò sì yọ ọ́ kúrò. Láti 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ di dandan fún agbẹjọ́rò láti sọ èyí fún oníbàárà rẹ̀ kó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Bí agbẹjọ́rò tí ìjọba fún un kò bá mọ òfin ìwọ̀lú, kó bá a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó sì jẹ́ kí ẹni náà wo nọ́ńbà òfin tó wà lórí ìwé náà gan-an kó tó fọwọ́ sí i.